Ẹni Tó Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Pé Ọ̀lẹ Lọmọ Mi Ló Fẹ́ Yìn Ín Níbi Ìsìnkú

Akínwùmí Àjàní, ọmọ Oníkòyí, ọmọ Ẹ̀ṣọ́, ọmọ a-rógun-yọ̀, ọmọ Ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn, tó jẹ́ pé iwájú gangan ní í fi gbọgbẹ́... Àjàní mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òun ló kú. Èmi ni ìyá ìyá rẹ̀, èmi ni mo tọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí page yìí, mi ò mọ̀ yín, ẹ ò mọ̀ mí, ìyẹn ni mo ṣe lè sọ ọ́ fún yín, torí nínú gbogbo àwọn tí mo mọ orúkọ wọn ní Dallas yìí kò sí ẹnì kan tí mo lè sọ ọ́ fún. Láti àná ni mo ti ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ìwé mẹ́fà péré ni mo kà nílé, ẹ fojú fo àṣìṣe mi. Mo fẹ́ dójú ti ọkùnrin kan. Mo fẹ́ kí ojú tì í láàárín èrò bí ojú ṣe ti ọmọ mi, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá la ẹnu, èmi náà bá a lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kẹ́ ẹ tó bú mi.

Ọdún tí wọ́n bí Akin ni Fọlákẹ́ ọmọ mi ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá òun tọ́mọ, nọ́ọ̀sì ni. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí àárín Fọlákẹ́ àti Bánkọ́lé ọkọ rẹ̀ fi dàrú, Bánkọ́lé kó lọ sí Houston, ṣùgbọ́n kò pa ọmọ rẹ̀ tì o, gbogbo ìgbà tí school bá ti gba ìsinmi ló ń wá mú un. Nígbà tí Fọlákẹ́ ra ilé sí Little Elm, Akin ní òun ò lọ, ó ní ọ̀dọ̀ Mama lòun wà, bí èmi àtiẹ̀ ṣe jọ wà nínú apartment àdúgbò Vickery Meadow yìí nìyẹn. Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń kì í, oríkì ilé bàbá rẹ̀ yẹn náà, èmi ìyá ìyá rẹ̀ ni mo ń kì í ní oríkì ilé bàbá, torí bàbá rẹ̀ kò sí nílé. Kí n tó dé ìdajì á ti ní Mama, I'm up, I'm up, á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, á ti sáré jáde. Kò sí ọjọ́ kan tí mo pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lè má mọ bọ́ọ̀lù àwọn ará ibí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá tiwọn. Quarterback ni Akin. Òun ló ń pàṣẹ, òun ló gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù sí, kí àwọn òmìrán tó ń sáré bọ̀ tó wó lé e. Nígbà tó ń parí yunifásítì ó ku draft, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn tíìmù ńlá máa ń mú ọmọ tí wọ́n bá fẹ́. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wo ọmọ délẹ̀ kí wọ́n sì sọ ẹni tó máa dára. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń wò... wọ́n bọ́ ọmọ mi ku ṣòkòtò péńpé, wọ́n wọn gíga rẹ̀ láìwọ bàtà, wọ́n tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín, pé ọwọ́ tó bá kéré kò ní lè di bọ́ọ̀lù mú nínú òjò. Wọ́n ní kó sáré. Wọ́n ní kó ju bọ́ọ̀lù fún ẹni tí kò rí rí. Wọ́n ya bí eré ṣe máa lọ sójú pátákó, wọ́n nù ún kúrò, wọ́n wá ń bi í ní ọ̀rọ̀ mìíràn, kí ni bàbá rẹ ń ṣe, ta ni girlfriend rẹ, ìgbà tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ ni wọ́n ní ó yá, ya èyí tá a nù lẹ́ẹ̀kan. Ó yà á! Coach Darrell tó kọ́ ọ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé gbogbo rẹ̀ ló yege. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí rúlà ò lè wọ̀n, ìyẹn ìwà. Wọ́n á pe tíṣà ọmọ, wọ́n á pe ẹni tó ń se oúnjẹ wọn, wọ́n á pe ilé.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọmọ wa ni. Káyọ̀dé. Church kan náà la jọ ń lọ, Plano ló ń gbé, gbajúmọ̀ ni, tẹlifíṣàn ń gbé e. Tòun ti kóòtù ló máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi, móínmóín mi ló fẹ́ràn, mo sì máa ń gbé e fún un ní Sunday. Ọjọ́ Tuesday kan báyìí, ó ku bí oṣù kan kí draft pé, mo jókòó mò ń ṣa ẹ̀wà, ó pè mí. Ó kí mi, kí mi, ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn mí, ó wá ní, "Mama, ẹ kú ọmọ o! Gbogbo ayé ló ń pariwo Akin, wọ́n ní kò sírú ẹ̀." Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ sọ òótọ́ fún mi, kí lẹ máa fi dáhùn? Ṣé ẹ máa ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sírú ẹ̀? Ta ló ń fẹnu ara ẹ̀ yin ọmọ ẹ̀ káyé lè wá bá a wò ó? Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni mo ṣe dáhùn. Mo ní má dá wọn lóhùn jàre, Akin wo, ọ̀lẹ yẹn, oorun ló mọ̀ ọ́n sùn, bí mi ò bá bu omi lù ú kò ní dìde, olórí kunkun bí ewúrẹ́... Mò ń rẹ́rìn-ín. Káyọ̀dé ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Háà, Mama, ṣé láti kékeré loorun ti ń ṣe é?" Mo ní inú ìyá ẹ̀ ló ti ń sùn bọ̀. Ó ní ṣé ó máa ń gbọ́ tẹni tó bá ń kọ́ ọ. Mo ní ta ni, Akin? Ta ló ń gbọ́ tiẹ̀! A tún rẹ́rìn-ín, mo ṣàdúrà fún òun àti Títí ìyàwó rẹ̀, ó ní àmín, àmín. Kò sọ fún mi pé iṣẹ́ lòun ń ṣe. Kò sọ ọ́ rárá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ohun tó kọ nípa Akin jáde, ó bọ́ sórí intanẹ́ẹ̀tì, gbogbo ayé kà á. Ó ní apá rẹ̀ dára, ó ní ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wá ní ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ilé rẹ̀, tó mọ̀ ọ́n láti kékeré, sọ pé ọ̀lẹ ni, pé oorun ń yọ ọ́ lẹ́nu, pé kì í gba ẹ̀kọ́, pé tíìmù tó bá mú un, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa wàhálà. Bó bá jẹ́ òyìnbó ló kọ ọ́ ǹ bá dárí jì í, òyìnbó ò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Káyọ̀dé mọ̀! Ìyá tiẹ̀ náà, Mama Bísí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ojú wa níbí ni wọ́n ti pe Káyọ̀dé ní òdè ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe birthday rẹ̀, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ta ló gbé bírò? Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi pe orúkọ nínú draft yẹn. Ilé Fọlákẹ́ ni gbogbo wa jókòó sí, wọn ò pe Akin lọ́jọ́ kìíní, wọn ò pè é lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta nígbà tí wọ́n pe ẹni ìkẹyìn tí kì í ṣe òun, ọmọ náà dìde, ó kó gbogbo àwo tá a fi jẹun, ó lọ fọ̀ ọ́.

Inú mọ́tò ló ti bi mí nígbà tá à ń padà sílé. Ó ní Mama, ta ni wọ́n pè nínú ilé wa? Ó ní was it you? Mo ní rárá. Kíá ló bọ́ lẹ́nu mi, mo ní èmi kọ́. Ó ń wakọ̀ lọ lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, títí a fi kọjá ibi tó yẹ ká yà sí. Ó wá ní then it's Daddy. Mi ò sọ pé òun ni. Mi ò sì sọ pé òun kọ́... Ohun tí mo wá jẹ́wọ́ gan-an nìyí. Láti ọjọ́ náà Akin ò gbé ìpè Bánkọ́lé mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bánkọ́lé wakọ̀ wá láti Houston, Akin ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, èmi ni mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mo ń sọ fún un pé Bánkọ́lé, ní sùúrù, ọmọ ni, inú ẹ̀ á rọ̀. Èmi! Ó ní Mama, kí ni mo ṣe? Mo ní mi ò mọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko. Akin tẹ ìwé Káyọ̀dé yẹn jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fridge wa, pé kóun máa rí i lárààárọ̀ kóun fi máa bínú ṣiṣẹ́. Bí mo bá fẹ́ mu omi, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló máa ń wò mí lójú, ní English.

Ẹ má rò pé mi ò bá Káyọ̀dé sọ ọ́. Mo dá a dúró ní parking lot church, mo ní Káyọ̀dé, ìwọ náà mọ̀ pé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn o. Ó ní, "Mama, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Tí mo bá fi pa mọ́, wọ́n á ní ará ilé mi ni mò ń gbè. Iṣẹ́ niṣẹ́." Ẹ gbọ́ o, ó fi ọmọ wa han àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé òun kì í ṣe ojúsàájú! Mo fẹ́ bú u, ó wá rọra bi mí pé, "Ṣé Sister Fọlákẹ́ mọ̀ pé ẹ̀yin ni?" Ó rí i lójú mi pé kò mọ̀. Ó ní ẹ má ṣèyọnu Mama, wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó wọ mọ́tò rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn mi ò lè wí nǹkan kan mọ́, òun náà sì mọ̀. Ọdún yẹn ni wọ́n gbé e ga níbi iṣẹ́.

Akin gbìyànjú tíìmù méjì, ọ̀rọ̀ oorun yẹn náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ó wá gba iṣẹ́ ìdájí ní warehouse kan, ilé tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, truck kan ya kúrò ní ojú ọ̀nà tiẹ̀, ó kọ lù ú lórí freeway. Mi ò sọ pé Káyọ̀dé ló wa truck. Orí mi ṣì pé. Ṣùgbọ́n ta ló fi ọmọ mi sójú ọ̀nà yẹn? Kí ló ń wá níbẹ̀ ní ìdájí, ọmọ tí wọ́n ní kì í jí?

Káyọ̀dé wá kí wa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sunkún, omijé gidi ni. Fọlákẹ́ ní kó bá wa sọ̀rọ̀ nípa Akin níbi ìsìnkú, ó ní ọlá ńlá ni fún òun, ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Àná ló fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí fóònù Fọlákẹ́, Fọlákẹ́ sì ń kà á sí mi létí. Ó ní Akin ni ọmọ tó mú iṣẹ́ ṣe jù nínú gbogbo àwọn tóun ti wò rí. Ó ní ọmọ tó máa ń jí ṣáájú oòrùn ni. Ó ní ọmọ tó ń gbọ́ràn sí olùkọ́ lẹ́nu ni. Fọlákẹ́ ń sunkún, ó ní Mama, ẹ gbọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n! Ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n látọjọ́ yẹn! Ohun tí mi ò fẹnu mi sọ fún un lórí fóònù, ó mọ̀ ọ́n gbogbo ẹ̀, ó ń tọ́jú ẹ̀ de ìgbà tí kò ní ṣe ọmọ náà lóore kankan.

Mo ti já ìwé yẹn kúrò lára fridge, ó wà nínú báàgì mi. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kó parí ìyìn rẹ̀, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, kí n wá dìde, kí n gba maiki, kí n ka English rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, bó ti wù kó pẹ́ lẹ́nu mi tó, kí Títí gbọ́, kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ tó bá a wá gbọ́. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wàásù ìdáríjì fún mi, mo mọ gbogbo ẹsẹ Bíbélì tẹ́ ẹ fẹ́ kà. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀! Ṣùgbọ́n iwájú ni Bánkọ́lé máa jókòó sí. Òun ló máa kọ́kọ́ béèrè pé ta ni ará ilé tó sọ bẹ́ẹ̀. Káyọ̀dé á na ọwọ́ sí mi. Lójú òkú ọmọ rẹ̀ ni Bánkọ́lé ti máa mọ̀ pé èmi ni mo gba ọdún mẹ́ta mọ́ òun lọ́wọ́, ọdún mẹ́ta tí kò sí ibi tó ti máa rí i gbà mọ́. Fọlákẹ́ kò ní pè mí ní Mama mọ́. Bí mo bá sì jókòó sílé, Káyọ̀dé gbé e jẹ nìyẹn, á fi ikú ọmọ mi ṣe ẹni rere.

Wọ́n ní àgbà kì í lọ síbi ìsìnkú ọmọ. Fọlákẹ́ àti Bánkọ́lé ní àwọn á lọ ní tiwọn, wọ́n ti jáde, wọ́n fi Mama Ṣadé tì mí kó máa ṣọ́ mi, ó ti sùn lọ sórí àga. Tesfaye, ará Ethiopia tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, ti gbà láti gbé mi, ó ti tan mọ́tò rẹ̀. Aago mọ́kànlá ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́wàá kù díẹ̀ báyìí. Ṣé kí n lọ, kí n kà á, kí èmi àti Káyọ̀dé jọ wó? Àbí kí n kọ́kọ́ pe Bánkọ́lé, kí n sọ fún un kó tó gbọ́ ọ láàárín èrò... ṣé irú èyí ṣe é sọ lórí fóònù? Àbí kí n jókòó, kí n gbé e mì bí mo ṣe ń gbé e mì látọdún mẹ́ta? Kí lẹ máa ṣe, tó bá jẹ́ ẹ̀yin? Ẹ dá mi lóhùn kí n tó sọ̀kalẹ̀, ẹ má ní ó di ọ̀la. Òní, Sátidé, ni wọ́n ń sin Akínwùmí.