Ọkọ̀ Yẹ̀kínì Ti Wọ Ẹ̀há

Agboolé Onífìlà,
Ọ̀rányàn, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, 1988.

Kúlúsúmù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Àbẹ̀ní ọmọ ọwọ́ rẹ ní ìlọ́po méje. Ṣé oòrùn Kàdúná ò pa yín jù? Ṣé omi ń yọ nínú ẹ̀rọ? Ọlọ́run Ọba tó gbé yín débẹ̀ á máa ṣọ́ yín, ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, iṣẹ́ ìjọba tí ọkọ rẹ ń ṣe ò ní bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ìgbéga, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ pè, àmín. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti fúyẹ́ díẹ̀. Adìyẹ tí o fi sílẹ̀ fún mi pa ọmọ mẹ́sàn-án, àwòdì gbé méjì, ológbò ilé kejì gbé ọ̀kan, wọ́n sì ní kì í ṣe ológbò àwọn, mo ti fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Wàá rí i pé lẹ́tà yìí ò jọ ti àtẹ̀yìnwá. Kì í ṣe Eunice ìyàwó tíṣà ló bá mi kọ ọ́, èmi fúnra mi ni mo mú bírò. Ìwé kíláàsì mẹ́rin tí mo kà kí wọ́n tó gbé mi níyàwó ṣì wà lára mi, bí ìlà bá wọ́ má bínú. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ò ṣe é sọ fún Eunice, torí pé Eunice àti rédíò, ọ̀kan náà ni wọ́n, rédíò tiẹ̀ máa ń sinmi. Kà á dópin, má fo ojú ewé kankan.

O mọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ó di oṣù mọ́kànlá tí o ti bímọ, mi ò tíì gbé e. O ní ó ti hu eyín mẹ́rin, o ní ó ti ń di àga mú dìde, èmi ìyá tó bí ìyá rẹ̀, fọ́tò ni mo ń pọ̀n kiri inú yàrá. Bí mo bá sì ti dá a sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá yín, ohun kan náà ni wọ́n ń wí, pé ẹlẹ́hàá kì í jókòó sínú mọ́tò kí ọkùnrin máa fi èjìká gbún un láti Ìbàdàn dé Kàdúná, pé òru ni ẹlẹ́hàá ń rìn, pé òru sì ti di ti àwọn ìgárá ọlọ́ṣà, nítorí náà kí n ṣe sùúrù. Sùúrù! Èyí tí mo ti ṣe láti ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti wọ ẹ̀há, bí wọ́n bá ń tà á lọ́jà ni, mo ti kọ́lé.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tóbi. Àwọn òyìnbó ilé iṣẹ́ kan tí Yẹ̀kínì ẹ̀gbọ́n rẹ ń fi Dátísùn rẹ̀ gbé lọ síbi iṣẹ́ sọ pé oòrùn wa ti fẹ́ bó àwọn láwọ, kí ó lọ sọ gíláàsì ọkọ̀ náà di tíńtẹ́ẹ̀dì. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní wọ́n á sọ gíláàsì di dúdú, ẹni tó wà nínú á máa rí ará ìta, ará ìta ò ní rí ẹni inú. Mo ní irọ́ ni. Ọjọ́ tó fẹ́ lọ ṣe é, ọjọ́ náà ló gbé mi lọ ṣe àyẹ̀wò ẹsẹ̀ ní ọsibítù, bàbá yín gbà torí wọ́n ní àìsàn ò mọ ẹ̀há. Ibi tí a ti ń bọ̀ ló yà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan ní Mọ́kọ́lá, Ọlábọ̀wálé lorúkọ rẹ̀.

Kúlúsúmù, mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ láyé mi. Ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́ ju mọ́ṣáláṣí wa lọ, kí Ọlọ́run foríjì mí. Bàtà ni wọ́n ń bọ́ lẹ́nu ọ̀nà, torí ọ̀gá náà ní bí eruku kan ṣoṣo bá há sábẹ́ rọ́bà òun, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n gbé àga fún mi sí kọ̀rọ̀, mo jókòó nínú aṣọ ẹ̀há mi, mo ń wòran. Ó kọ́kọ́ ṣe àlùwàlá fún gíláàsì. Mi ò puró. Ó fi omi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi bíléèdì ha ìdọ̀tí ara rẹ̀, ó tún wẹ̀ ẹ́, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ó fi ṣe tán. Mo ní nínú ọkàn mi pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń kírun ò ṣe é dáadáa tó báyìí. Ó wá tú rọ́bà kan jáde, ó tín-ín-rín bí èèpo àlùbọ́sà, ó dúdú, ó tẹ́ ẹ lé ẹ̀yìn gíláàsì, ó gé e yípo, kò lo ìwọ̀n kankan, ojú ló fi wọ̀n ọ́n. Ó bó awọ kan kúrò lára rẹ̀, ó fín omi sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú gíláàsì. Ni ó bá yọ ìléròrò káàkiri! Mo pariwo pé yéè, ó ti bàjẹ́. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó mú ike pẹlẹbẹ kan, ó ń tì í láti àárín lọ sí etí, omi ń sá jáde, ìléròrò ń sá tẹ̀lé e, títí rọ́bà yẹn fi dì mọ́ gíláàsì bí ẹni pé wọ́n jọ bí wọn ni. Mo ní Sùbúhánálláhì. Kí ni ọmọ aráyé ò ní ṣe tán?

Nígbà tó parí, ó ní kí Yẹ̀kínì má yí gíláàsì náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kó má ṣèyọnu, mo mọ ìyẹn, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀há kì í tètè yọjú síta. Ó ní rárá o ìyá, kí ó lè gbẹ ni. Mo ní ọ̀rọ̀ kan náà la jọ ń sọ. Ó wá kọ rìsíìtì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ òun ò ní ṣí títí ọdún márùn-ún. Mo ní kí Yẹ̀kínì bi í pé ta ló fi ọdún márùn-ún yẹn hàn án, ṣé òun ló ni ẹ̀mí ni? Mo ní kí ó fi bí Ọlọ́run bá fẹ́ sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó máa sanwó níbí. Ojú ń ti Yẹ̀kínì, ó ń fà mí láṣọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà ní ìyá sọ òótọ́, ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e.

A wọ ọkọ̀, a ń padà bọ̀. Àlàmíìsì ni ọjọ́ náà, mo ń san ààwẹ̀ tí mo jẹ lọ́dún tó kọjá. Bí mo ṣe wojú ìta, ilẹ̀ ti ń ṣú! Àyà mi já, mo ní kò ní jẹ́ pé mo jẹ́ kí Mògàríbì bá mi lójú ọ̀nà, mo ṣí ìgò omi, mo ti ka àdúà ìṣínu dé ìdajì, ni Yẹ̀kínì bá já ìgò gbà. Kò gbọdọ̀ yí gíláàsì, ilẹ̀kùn ló ṣí fún mi. Àṣé oòrùn ṣì wà ní àtàrí, agogo méjì ọ̀sán ni. Yẹ̀kínì rẹ́rìn-ín títí a fi dé Dúgbẹ̀, mo ní kó má kú.

Ibẹ̀ ni mo wá fọkàn balẹ̀ tí mo wo Ìbàdàn. Ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyí. Láti ọdún mẹ́tàlélógún, alẹ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n, àti ihò kékeré iwájú aṣọ ẹ̀há. Mo rí Ògùnpa, mo rí òrùlé páánù tó ti dípẹtà, tó lọ salalu, mo rí gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀ bí ẹni pé òun ni bàbá gbogbo ilé. Èèyàn pọ̀! Abájọ tí oúnjẹ fi ń wọ́n. Ibi tí ọkọ̀ há sí ní Bẹẹrẹ, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń yà wá wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì wa. Bọ̀rọ̀kìnní kan wọ agbádá tó tó èèyàn mẹ́ta, ó la ẹnu síwájú mi gbàgà, ó ń fi ìka yọ ẹran láàárín eyín. Ọmọdébìnrin kan ń kọ́ bó ṣe máa fajú ro. Ọlọ́pàá kan fa ikùn sínú, ó tún bẹ́líìtì dè. Mo ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó dáhùn, mo ti ń bínú pé ìran yìí ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, kí n tó rántí pé wọn ò rí mi. Wọ́n ń wò mí wọn ò rí mi, èmi ń wò wọ́n mo rí wọn. Ta ló wá wà nínú ẹ̀há láàárín wa? Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí.

Bí mo ṣe délé, mo kúnlẹ̀ fún bàbá yín. Mo ní ẹ̀rọ̀ ti dé o, ọkọ̀ Yẹ̀kínì ti wọ ẹ̀há, ẹ jẹ́ kí n fi lọ wo ọmọ ọmọ mi lọ́sàn-án. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ẹnu gbà á, àfi kí àwọn fojú ara wọn rí i. Wọ́n ní lọ́jọ́ Sátidé, kí Yẹ̀kínì gbé mi wá síwájú ìsọ̀ tí àwọn ti ń ran fìlà ní Ọjà'ba, lọ́sàn-án gangan, kí n jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ láì bo ojú. Bí àwọn bá rí bí ìka mi ti mọ, kí n gbàgbé Kàdúná, bí àwọn ò bá rí mi, kí n máa di ẹrù.

Ọjọ́ pé. Bàbá yín jáde nínú ìsọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ojú lé gíláàsì, ìka méjì ló kù kí imú wọn kan tèmi. Kúlúsúmù, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Kùtùkùtù ni wọ́n ń jáde nílé, wọ́n á ti kírun ìṣáì kí wọ́n tó dé, iná àtùpà tó ń ṣẹ́jú ni mo fi mọ ojú ọkọ mi. Mi ò wò wọ́n rí nínú oòrùn bí mo ṣe wò wọ́n lọ́jọ́ náà. Irùngbọ̀n wọn ti funfun ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n ṣì rẹwà. Mo kúnlẹ̀ lórí àga ọkọ̀, mo ní ẹ káàsán, baálé mi, bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́. Ìgbà náà ni mo rí ẹyinjú wọn. Nǹkan funfun kan bò ó, bí awọ tó máa ń wà lójú ẹ̀kọ gbígbóná tó bá ń tutù. Ojú méjèèjì ni. Mo ní bóyá rọ́bà dúdú yẹn ló ń tàn mí.

Wọ́n nàró, wọ́n ní àwọn ò rí ẹnikẹ́ni. Yẹ̀kínì fò sókè, èmi náà fò, mo forí gbá òrùlé ọkọ̀. Ṣùgbọ́n o mọ bàbá yín, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, àwọn gbọ́dọ̀ wo ọkọ̀ tí wọn ò kun, kí àwọn lè mọ ìyàtọ̀. Ọkọ̀ búrẹ́dì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gíláàsì rẹ̀ mọ́ gaara, Clara oníbúrẹ́dì ló jókòó sínú rẹ̀, o mọ bí Clara ṣe sanra tó, ó wé gèlè pupa, ó ń jẹ ẹ̀pà. Bàbá yín bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ̀pà kún ẹnu Clara, kò lè sọ̀rọ̀, ó ń juwọ́ sí wọn, ó ń tẹrí ba. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá yíjú sí Yẹ̀kínì, wọ́n ní òpònú ni, ó lọ ń náwó dànù, ṣebí èyí tí wọn ò kun náà, kò sí ẹni tí èèyàn rí nínú rẹ̀!

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Clara rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi pá a lórí. Wọ́n ní Bàbá onífìlà mà lè dáṣà o. Nígbà tí bàbá yín gbọ́ ẹ̀rín, àwọn náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwàdà ni àwọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń padà sínú ìsọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá ẹnu ọ̀nà. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó rí mi.

Ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé fìlà mẹ́ta ni àwọn oníbàárà dá padà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pé ojú rírán rẹ̀ wọ́, mo sì ń ṣépè fún àwọn tó ń ta òwú. Mo rántí pé wọn kì í ṣí Kùránì mọ́, wọ́n ní àwọn ti há a sórí. Mo rántí tíì tí wọ́n dà sórí tábìlì, tí wọ́n ní tábìlì ni ò dọ́gba. Ojú wọn ń lọ, Kúlúsúmù, wọ́n sì ń fi pa mọ́ fún wa, torí ta ni á gbé fìlà fún afọ́jú rán? Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ní àwọn ti gbà o, kí n máa di ẹrù mi. Ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti oṣù mọ́kànlá, ó tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Ohun tí a máa ṣe nìyí. O kọ ọ́ sí mi nígbà kan pé ọsibítù ojú ńlá kan wà ní Kàdúná, pé wọ́n ń bó irú awọ bẹ́ẹ̀ kúrò lójú àgbàlagbà, onítọ̀hún á sì tún máa ríran. Lọ gba káàdì sílẹ̀. Bó bá jẹ́ bíléèdì ni wọ́n fi ń bó o, bẹ̀ wọ́n kí ó jẹ́ tuntun. Kọ lẹ́tà mìíràn pé àna yín fẹ́ rí bàbá yín, pé kò ní bójú mu kí èmi nìkan wá. Yẹ̀kínì ni kí o kọ ọ́ sí, kó lè kà á fún wọn, kí ojú má ti bàbá yín. Wọn ò sì gbọdọ̀ mọ̀ pé mo mọ̀, àfi nígbà tí a bá dé ẹnu ọ̀nà dókítà.

Ó ku owó. Mo mọ̀ pé oṣù ò tíì parí, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, Dátísùn yẹn sì ń mu epo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣínu ààwẹ̀. Bí o bá lè rí ọ̀ọ́dúnrún náírà, fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé. Má fi sí báńkì o. Mo rí báńkì kan ní Dúgbẹ̀ lọ́jọ́ náà, gíláàsì tiwọn náà dúdú bíi ti ọkọ̀ Yẹ̀kínì, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́.

Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn. Bí o ṣe ń tọ́jú wa, Àbẹ̀ní á tọ́jú rẹ. Ibi tí o bá fojú sí, o ò ní rí ibi. Àlùbáríkà ò ní wọ́n nílé rẹ, àmín.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Lọ́jọ́ tí a bá dé, wàá rí i pé mo ti na ọwọ́ méjèèjì kí ọkọ̀ tó dúró. Má gbé ọmọ yẹn fún mi. Bàbá yín ni kí o kọ́kọ́ gbé e fún, níta, nínú oòrùn, kí o gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ tiwọn dáadáa, bóyá díẹ̀ ṣì kù tí wọ́n lè rí. N ó dúró dè wọ́n.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kúbúrá.