Perepetwa Nakigozi àti Àwọn Sẹ́ẹ̀lì Tí Wọ́n Ní Kò Sí

Kalungu, ní ilẹ̀ Uganda, ni wọ́n bí olóògbé sí, ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, lásìkò tí tata nsenene ń bọ́ láti ojú ọ̀run bí òjò aláwọ̀ ewé, tí gbogbo ilé ń sá jáde pẹ̀lú agbọ̀n. Ìyá wa, Maama Felista Nabukalu, máa ń sọ pé òun kò mọ èyí tó kọ́kọ́ balẹ̀, tata ni tàbí ọmọ. Baba wa ni Lawulensio Walusimbi, ará ìdílé Ffumbe, àwa tí a kì í jẹ ẹran ẹtà. Àwa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la kọ ìtàn yìí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù wá lọ, kó dìde.

Ọmọ tó máa ń wo nǹkan pẹ́ ni. Á dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, á máa wo bí oòrùn ṣe ń gba inú ewé kọjá. Baba wa á pè é láti ẹnu ọ̀nà: “Perepetwa, ṣé ewé yẹn ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni?” Á ní: “Ó ṣì ń ronú, Taata. Ẹ jẹ́ ó parí.”

Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn sisita ní ọdún 1968. Ní 1981, nígbà tí ìbọn ń dún kiri ìlú, ó lọ kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Kampala, ó sì yege. Ní 1987 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan ní Entebbe, níbi tí afẹ́fẹ́ adágún Nalubaale ti máa ń ṣí ojú ìwé fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣọ́ ara bí ọmọ ogun. Àwọn aṣíwájú wọn ní purotéènì kan lára níta, bí àmì oyè lára aṣọ sójà. CD4 ni wọ́n ń pè é. Àwọn aṣíwájú wọ̀nyí gan-an ni siliimu, bí a ti ń pe àrùn éèdì, ń pa, àrùn tó ń sọ ilé wa di ahoro nígbà náà. Ojú lásán kò lè rí àmì yẹn. Wọ́n máa ń lo àǹtíbọ́dì, èròjà tíńtín tí wọ́n ṣe kó lè dì mọ́ àmì náà nìkan, tí wọ́n sì ti pa láró tí ń tàn. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù nínú yàrá òkùnkùn, sẹ́ẹ̀lì tó bá ní àmì á tàn bí ewé tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé ìgò àǹtíbọ́dì tuntun kì í kọ́kọ́ kan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Òṣìṣẹ́ kan tí ara rẹ̀ le ló máa na apá, kí wọ́n fi tirẹ̀ dán an wò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1991, ó kan Perepetwa. Lásìkò yẹn, Deziderio Mutyaba, ọkùnrin tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Kigungu, ti ń múra láti wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Perepetwa fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó pò ó, ó wọ yàrá òkùnkùn. Kò sí nǹkan kan. Ó jókòó bí ẹni ń wo inú kànga tó ti gbẹ.

Dókítà Ssemwanga, ọ̀gá rẹ̀, wọlé, ó wò ó. “Ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?”

“Tèmi ni, Dókítà.”

“Má bá mi ṣeré.”

“Ṣé mo jọ ẹni tó ń ṣeré?”

Dókítà na apá tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ tàn. Ìgò náà dára nìyẹn. Wọ́n yẹ kòkòrò siliimu wò lára Perepetwa, wọn kò rí i. Ṣùgbọ́n ayẹ̀wò ìgbà náà lè fo àrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ènìyàn kan kò sì lè pẹ́ láyé láìní sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí.

Perepetwa lọ sọ fún Ssenga Tereza, àbúrò baba wa, tó jẹ́ pé òun ló máa fà á lé ọkọ lọ́wọ́.

“Ara ń ro ọ́?” ni Ssenga bi í.

“Rárá.”

“O ń jẹun?”

“Mo jẹ matooke láàárọ̀, mo tún bù sí i.”

“Àwọn ọmọ ogun wo ló wá kú tí ikùn rẹ ò gbọ́?”

Ṣùgbọ́n Ssenga kì í mú ọmọ lọ sílé ọkọ kó fi nǹkan pamọ́. Ó lọ sí Kigungu fúnra rẹ̀, ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìyá Deziderio, Maama Bibiana, gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní: “Ssenga, mo ti sin ọmọ méjì. Mi ò lè gbé ìyàwó wọlé kí n tún máa wá ibi tí màá sin ín sí.” Bí ètò ìtọrọ ṣe dúró nìyẹn, tí arábìnrin wa ń retí ikú nínú ara tí kò dùn ún.

Deziderio wá dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́. “Wọ́n ní o ò ní ọmọ ogun.”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí.”

“Èmi náà ò ní. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ni mo ní.”

Perepetwa rẹ́rìn-ín títí ó fi bú sẹ́kún.

Ó lá àlá lẹ́yìn èyí. Ó ń kan ilẹ̀kùn ilé kan, ó ń gbọ́ ìkòkò àti ẹ̀rín nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ṣí i. Obìnrin kan wá sọ láti ilé ìdáná pé: “Nnyabo, ògiri lò ń kàn. Gba ẹ̀yìn.” Bó ṣe jí, ó ti mọ ohun tó máa bi Dókítà. Igun kan ṣoṣo lára àmì yẹn ni àǹtíbọ́dì wọn mọ̀. Bí wọ́n bá bí ènìyàn kan tí igun náà yàtọ̀ díẹ̀ lára tirẹ̀ ńkọ́?

“Ó ṣeé ṣe,” ni Dókítà wí. “Ṣùgbọ́n ohun tó ṣeé ṣe kì í ṣe ẹ̀rí.”

Wọ́n ránṣẹ́ sí Nairobi fún àǹtíbọ́dì mìíràn, tí ń di ẹ̀gbẹ́ kejì àmì náà mú. Nígbà tó dé, Perepetwa pò ó mọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wò ó. Ó ránṣẹ́ pe Maama Bibiana. Ó ní bó bá jẹ́ òkùnkùn, kí àwọn jọ rí i.

Ìyá náà fi ojú lé awò.

“Maama, kí lẹ rí?”

“Dákẹ́ ná.” Ó mí kanlẹ̀. “Àwọn apẹja wà lórí omi. Àtùpà ọwọ́ wọn ń tàn bí ewé tútù.”

“Wọ́n pọ̀?”

“Ọmọ mi, mi ò rí òpin wọn. Ta ló ni wọ́n?”

“Èmi ni.”

“Kí ni wọ́n wá ń sá pamọ́ fún?”

“Wọn ò sá, Maama. Ẹni tó ń wá wọn ni kò mọ ojú wọn.”

Wọ́n ṣe ìtọrọ náà, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Gonzaga, ọ̀kan nínú àwa ẹ̀gbọ́n, na apá tirẹ̀ pẹ̀lú: ìgò àkọ́kọ́, òkùnkùn, èkejì, ìmọ́lẹ̀. Inú ìdílé wa ni ìyàtọ̀ náà ti wá. Perepetwa padà sórí ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ilé ìwádìí náà ti kà sí ẹni tí kò ní sẹ́ẹ̀lì kankan. Díẹ̀ nínú wọn ni tiwọn wà níbẹ̀ pé pérépéré. Láti ìgbà náà, wọn kì í fi àǹtíbọ́dì kan ṣoṣo sọ nílé iṣẹ́ yẹn pé ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣófo.

Ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Kigungu títí ohùn rẹ̀ fi ha. Ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin etí omi ní sáyẹ́ǹsì ní ọjọ́ Sátidé. Ní ọdún 2008, òun ló wẹ òkú Maama Bibiana, tó fi aṣọ èèpo igi wé e, tó sì sin ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Àìsàn ọkàn ló mú un lọ, wọ́ọ́rọ́, ní oṣù kẹta ọdún 2022. Ó fi ọkọ rẹ̀ Deziderio sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ Anaklet, Goreti àti Leo. Àwọn ọmọ ọmọ. Ssenga Tereza tó ti darúgbó tó ṣì ń bá gbogbo wa wí. Àti àwa ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀ láti fi ife rẹ̀ mu omi ní 1991 nítorí ìbẹ̀rù siliimu, a rí yín níjókòó. Ẹ káàbọ̀. Oúnjẹ wà, ife sì wà.

Perepetwa, ilẹ̀ baba rẹ ti tẹ́ ibùsùn fún ọ. Kí Ọlọ́run tó dá igun rẹ yàtọ̀ dá ọ mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Sinmi jẹ́jẹ́.