Orúkọ Ọmọ Lábẹ́ Iṣẹ́ Ọwọ́ Mi

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù kẹfà, 2025

Gíláàsì pè wá jọ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ wọ kíláàsì. (Obìnrin tó ni ilé-ìwé wa ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí awò ojú rẹ̀ tí kì í kúrò ní ṣóńṣó imú. Inú ìwé yìí nìkan o.) Ọjọ́ tí àwọn òbí máa wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ mọ́. Ó ní ilé-ìwé kan lọ́nà OPIC fi àwòrán bo ògiri wọn lọ́dún tó kọjá, àwọn òbí ń fi í ránṣẹ́ kiri lórí fóònù. Ó ní tiwa gbọ́dọ̀ jù ú lọ. Ó wá wò mí láti òkè awò: "Anti Àjíbíkẹ́, ẹ mọ iṣẹ́ yín."

Mo mọ̀ ọ́n. Ọdún kẹfà rèé. Àwọn ọmọ á ya tiwọn ní kíláàsì, màá kó o lọ sílé, màá gbé bébà mìíràn, màá ya èyí tó dáa, màá kọ orúkọ ọmọ sábẹ́ rẹ̀. Tiwọn á di ohun tí a fi ń dáná.

Ìṣẹ́gun, 24

Kíláàsì kẹta. Mo ní kí wọ́n ya ẹyẹ. Ariwo — kíráyọ̀n ń fò. Zubair ya adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó ní méjì ni ó fi ń rìn, méjì ni ó fi ń sáré. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ròkíátù nìkan ló jókòó. Ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sí igun bébà, ó káwọ́ lé e. Ọmọ tó jẹ́ pé nígbà tó wà ní kíláàsì kìíní, ara ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá, ó ń yàwòrán sí i. Mo bi í pé kí ló dé. Kò gbójú sókè.

"Ẹ má ṣèyọnu, Anti. Ẹ̀yin náà lẹ kúkú máa yà á."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú àfojúdi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́rú, 25

Ẹnu ọmọ yẹn. Mo bo oúnjẹ alẹ́ mi padà.

Ọjọ́bọ̀, 26

Kí n sọ òótọ́ fún bébà. Kì í ṣe Gíláàsì ló kọ́kọ́ ní kí n máa yà á. Èmi ni. Nígbà tí mo dé, iṣẹ́ kí n máa nu ìdí ọmọ ní násìrì ni wọ́n gbà mí fún. WAEC nìkan ni mo ní, àwọn tó kù ní NCE. Wọ́n rí ẹja tí mo yà sára ògiri, wọ́n ní kí n dán áàtì wò. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé bí àwọn òbí bá rí wúruwùru àwọn ọmọ, wọ́n á ní mi ò mọ̀ ọ́n kọ́. Mo bá yà á fún wọn. Wọ́n yìn ín. Mo tún yà á.

Ìyìn ọ̀hún dùn mọ́ mi o. Mo máa ń lọ dúró sẹ́yìn àwọn òbí kí n lè gbọ́ ọ. Àgbàlagbà ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, tó ń bá ọmọ ọdún mẹ́jọ du ògiri.

Àìkú, 29

Mo sọ fún Bàbá Ayọ̀níkẹ́ pé mi ò yà á lọ́dún yìí. Ó ń tún fáànù ṣe, kò tiẹ̀ wò mí. Ó ní ta ló ní kí n wá tún ayé ṣe. "Ya ẹyẹ, ìyàwó mi, jẹ́ á sinmi." Ó ní ta ló tún máa gbà mí síṣẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú WAEC. Mo ní mi ò mọ̀. Lóòótọ́ ni, mi ò mọ̀.

Mi ò yà á.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù keje

Mo lẹ tiwọn mọ́ ògiri. Gọ́ọ̀mù ti tán, ẹ̀kọ tútù ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wà níbẹ̀. Ológoṣẹ́ kan tóbi ju ilé lọ. Ẹyẹ Olúwadámiláre wọ bàtà. Bébà funfun Ròkíátù — mo tọ́jú ìyẹn sínú dúrọ́ọ̀.

Mọ́láyọ̀ tó ń kọ́ kíláàsì kẹrin kọjá, ó padà, ó wo ògiri, ó wò mí. "Anti mi, ṣé inú yín ló dùn báyìí, àbí ibà ni?"

Mo ní méjèèjì.

Ìṣẹ́gun, 8

Gíláàsì rí i. Kò pariwo, kì í pariwo. Ó bi mí pé kí ni òun máa sọ fún àwọn òbí. Mo ní kó sọ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ló yà á. Ó rọra yọ awò ojú rẹ̀.

"Anti Àjíbíkẹ́, ẹ má jẹ́ kí n rántí bí ẹ ṣe débí."

Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú, mà. Mo dìde. Mi ò ṣí ẹyọ kan kúrò lára ògiri.

Ọjọ́bọ̀, 10

Mo débẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ti ṣí gbogbo rẹ̀. Àwòrán èṣí ni wọ́n kó jáde ní sítọ́ọ̀ — tèmi — wọ́n lẹ orúkọ tuntun bo ti àtijọ́. Ọ̀kín tí mo yà lọ́dún tó kọjá ti di ti Ròkíátù. Mọ́láyọ̀ ni wọ́n ní kó gé àwọn orúkọ náà. Kò lè wojú mi.

Ẹtì, 11

Àwọn òbí kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù lọ́wọ́. Wọ́n ń yin ẹyẹ mi. Mo lọ sẹ́yìn wọn bí mo ṣe máa ń ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyìn náà ò wọlé.

Bàbá Ròkíátù dé, Alhaji Bùrẹ́ímọ̀ tó ń jó irin geètì ní Asese. Ó dúró síwájú ọ̀kín, ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ mọ iṣẹ́ ọwọ́. Ó bi ọmọ rẹ̀ bóyá òun ló yà á. Gíláàsì dá a lóhùn láti ẹ̀yìn, ó ní ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, kí Alhaji máa dúpẹ́. Alhaji tún bi ọmọ náà. Mo wá rí ẹnu Ròkíátù tó ń là, láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyẹn ni mi ò lè wò.

"Èmi ni mo yà á, sà." Ohùn ara mi ni mo gbọ́ yẹn. "Gbogbo ohun tó wà lára ògiri yìí, èmi ni."

Ìyá kan rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí àwọn ti mọ̀, èwo lọmọ ọdún mẹ́jọ tó máa ya ìyẹ́ báyẹn. Bàbá kan bínú gidi: èyí tí òun fi férémù sí ní pálọ̀ òun ńkọ́? Mo ní èmi náà ni, sà. Gíláàsì ń sọ fún wọn pé ara mi ò yá.

Alhaji ò dá sí wọn. "Èwo wá ni tọmọ mi?"

Mo lọ mú bébà funfun náà wá. Orúkọ ní igun, kò sí nǹkan mìíràn. Mo ní, "Èyí ni tiẹ̀, sà. Èmi ni mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Ó gbà á. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Ó ká a sápò. Kò kí mi kó tó lọ.

Mi ò kábàámọ̀. Rárá — mo kábàámọ̀ ọdún mẹ́fà. Tòní kọ́.

Ọjọ́ Ajé, 14

Ìwé kúẹ̀rì dé láti ọwọ́ Gíláàsì, kí n wá ṣàlàyé ohun tí mo ṣe. Kí n fèsì kó tó di ọ̀la. Mọ́láyọ̀ bá mi kọ èsì kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀bẹ̀ kún inú rẹ̀: ara mi ò yá lọ́jọ́ náà, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dùn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo fà á ya.

Mo kọ tèmi ní Yorùbá: *Èmi ni mo ya àwọn àwòrán náà fún ọdún mẹ́fà. Kò dáa. Mi ò ní yà á mọ́. Ẹ ṣé, mà.*

Ìṣẹ́gun, 15

Gíláàsì ní kí n parí ọ̀sẹ̀ yìí kí n máa lọ. Bàbá Ayọ̀níkẹ́ ò bá mi jà. Ó bi mí pé kí la máa jẹ.

Ẹtì, 18

Kíláàsì kẹta ni mo ní kẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n ya ohun tó bá wù wọ́n. Ròkíátù wò mí fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó mú kíráyọ̀n dúdú.

Obìnrin kan ló yà. Orí bí ìkòkò. Ojú ọ̀tún ga ju tòsì lọ. Mo ka ìka ọwọ́ kan: mẹ́fà. Ọwọ́ mi ti gbéra lọ sídìí kílínà tí a fi ń pa àwòrán rẹ́ kí n tó mọ̀. Mo fà á padà, mo jókòó lé e.

Gíláàsì yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wá gba kọ́kọ́rọ́ yàrá áàtì. Ó bi ọmọ náà pé ta nìyẹn. Ròkíátù ní Anti Àjíbíkẹ́ ni, mà. Gíláàsì ní orí yẹn ti tóbi jù, kí n bá a tún un ṣe kó tó gbé e lọ sílé.

"Bẹ́ẹ̀ lorí mi rí, mà."

Mo na kọ́kọ́rọ́ sí Gíláàsì. Ròkíátù ti ń ya ìka keje.