Ọwọ́ Títẹ̀ Tó Mú Bàbá Rẹ Sùn

Àrínọlá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Gbogbo ará ilé yín ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ńkọ́? Bí o bá bèèrè wa, a ò ṣàìsàn, ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, ọ̀kan sì fi ojú jọ Jethro tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n má sọ fún un. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ ní Èkó kò ní tòògbé. Ẹ̀bùn àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ ìwé yìí, láti àárọ̀ ló ti ń fajú ro, mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún un.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ló gbé mi dé ìdí ìwé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti Yaba dé ni wọn ò ti sùn dáadáa mọ́. Wọ́n ní àwọn wá ṣọ́ọ̀bù rẹ kan Sábó, àwọn yọjú lójú fèrèsé, ohun tí àwọn rí ni ọkùnrin kan tó wọ táì, ó dijú, ó na ọwọ́, ọmọ bíbí inú àwọn sì di ọwọ́ náà mú, ó ń fi àtàǹpàkò rìn lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọn ò wọlé, wọn ò kí ọ, ọkọ̀ ilé ni wọ́n wọ̀. Wọ́n ní ta ló máa fẹ́ ọmọ tí gbogbo ọkùnrin Èkó ti dì lọ́wọ́ mú tán? Wọ́n ní kí o ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ò bí ọmọ kankan sí Yaba.

Àǹtí mi, Ẹ̀bùn nìyí. Màmá ti lọ wo ẹ̀wà lórí iná. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Èmi ni mo sọ fún Bàbá pé àwọn ọkùnrin ń sanwó kí ẹ lè dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé àwọn obìnrin pẹ̀lú ń wá, mi ò sì sọ pé kí ara lè tù wọ́n ni. Inú ló ń bí mi. Ẹ ní tí mo bá ti ṣe fọ́ọ̀mù tíríì tán ẹ máa mú mi wá sí Èkó, ẹ ò mú mi. Kò sẹ́ni tó ń ro tèmi nínú ilé yìí. Mo ti sunkún lórí ẹ̀, ẹ má bínú. Màmá ń bọ̀.

Mo ti dé o. Ìwé tí o fi ránṣẹ́ lórí iṣẹ́ ọwọ́ títẹ̀ rẹ, tí o ya àwòrán àtẹ́lẹwọ́ sí, Ẹ̀bùn kà á fún mi. Háà, Àrínọlá! Mi ò mọ̀ pé àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀yà ara sí, ikùn láàárín, kíndìnrín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Láti ọjọ́ náà mi ò fi ọwọ́ kan ata mọ́, kó má baà ta sí mi níkùn. Ìyá Ṣìmí aládùúgbò wa fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo nà sí i, mi ò lè jẹ́ kí obìnrin yẹn dì mí ní kíndìnrín mú. Mo wá ibi tí agídí wà títí kí n lè bá bàbá rẹ tẹ̀ ẹ́, mi ò rí i.

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú wọn pọ́n. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yọ ẹ̀gún lọ́wọ́ wọn. Irọ́ ni, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo fi òróró àgbọn pa á, mo ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí o ṣe kọ ọ́, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Ọgbọ̀n ọdún tí a ti fẹ́ra, mi ò di ọwọ́ bàbá rẹ mú lójú mọmọ rí. Ọwọ́ náà le bí èèpo igi, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí n tó mọ̀, orí wọn ti tẹ̀, ẹnu wọn ti là sílẹ̀, oorun ti gbé wọn lọ. Omijé ayọ̀ bá ń bọ́ lójú mi.

Ìgbà yẹn ni Jethro ń kọjá. Ó rí omijé, ó rí ọwọ́ tí mo dì mú, ó rí ẹnu bàbá rẹ. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó sáré gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ó lu agogo òkú.

Agogo náà ló jí bàbá rẹ. Wọ́n ní ta ló kú, mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n káàánú ẹni náà, wọ́n dé fìlà, wọ́n ní ká tètè lọ bá àwọn ẹbí ẹ̀ kẹ́dùn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé èrò tí Jethro kó lẹ́yìn, tó ń sunkún bọ̀ wá sílé wa, bàbá rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tù wọ́n nínú. Ìyá Ṣìmí kígbe, ó ju bàtà sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé wọn, ẹ̀rín ni wọ́n rín títí ilẹ̀ fi ṣú. Jethro ní kí wọ́n má bá òun wí, ìyàwó wo ló ń di ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́ mú lọ́sàn-án gangan bí ọkọ náà kò bá tíì kú?

Bí èrò ṣe lọ tán ni mo jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ, mo ní iṣẹ́ tí Àrínọlá ń ṣe nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá rẹ wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n ní ṣé bó ṣe rí lára ọkùnrin onítáì yẹn náà nìyẹn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó jọ ẹni tó ti rẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n wá na ọwọ́ òsì sí mi, wọ́n ní èyí ò tíì rí tiẹ̀ gbà.

Nítorí náà, má ti ṣọ́ọ̀bù rẹ o. Fi owó ọkọ̀ ẹni méjì ránṣẹ́, Ẹ̀bùn ni yóò mú bàbá rẹ wá, kí ojú ẹ̀ lè là. Fi owó òróró kún un, torí àràárọ̀ ni wọ́n ń na ọwọ́ báyìí. Bí o ṣe ń tu ará ayé lára, ayé á tu ìwọ náà lára, iṣẹ́ ò ní wọ́n ọ lọ́wọ́, oníbàárà ò ní sá fún ọ, láṣẹ Èdùmàrè.

Bàbá rẹ ní kí n fi èyí sí i, wọ́n ní bí àwọn bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí o má tíì kúnlẹ̀ kí àwọn, kí o kọ́kọ́ di àwọn lọ́wọ́ mú, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lè rí i.

Èmi ni ìyá rẹ.