Aṣọ Pupa Ojú Fèrèsé

Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Ọkàn mi ò balẹ̀. Ó di ọjọ́ kẹtàlélógún lónìí tí Ọ̀gá Mi ti bá wa sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Fóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e. Ohun tó sọ kẹ́yìn ni pé ilé-iṣẹ́ àwọn fẹ́ dín èèyàn kù — "ẹ má dààmú, Bàbá." Ẹni tó ní kéèyàn má dààmú ti dá wàhálà sílẹ̀ ná.

Ọ̀gá Mi — ọmọ ọdún mẹ́ta ló ti ń pàṣẹ fún èmi tí mo bí i, orúkọ náà ò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀, Adájọ́, dá ẹjọ́ tirẹ̀ nídìí oúnjẹ àárọ̀: "Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni o, kì í ṣe ọmọ ọmú. Ẹ jẹ́ kó mí." Bẹ́ẹ̀ òun náà ò jẹ ju ìdajì oúnjẹ rẹ̀ lọ. Mo rí i.

Mo jáde lọ ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa tó ń ṣọ́ àwọn arúgbó, kí orí mi má bàa dàrú. Òpópónà tèmi: fèrèsé mẹ́sàn-án, arúgbó mẹ́sàn-án tó ń dá gbé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kálukú á fi aṣọ pupa kọ́ sójú fèrèsé — mo jí, ara le. Bí oòrùn bá ń wọ̀, wọ́n á ká a wọlé. Èmi á kọjá láàárọ̀, màá kọjá nírọ̀lẹ́, màá fàmì sí káàdì. Alága wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, kì í yé sọ ọ́: "Aṣọ tó bá sùn síta, ẹlẹ́rìí èké ni láàárọ̀." Ìdí tí a fi ń rìn nírọ̀lẹ́ nìyẹn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Ẹlẹ́nu wá lọ́sàn-án — ọmọbìnrin mi, àbúrò Ọ̀gá Mi. Ó ní òun bá ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀, pé Ọ̀gá Mi máa pè wá ní nǹkan bí aago mẹ́fà. "Ẹ ṣáà má fi igbe kí i o, Bàbá."

Ariwo mọ́tò ìrọ̀lẹ́ kì í jẹ́ kí n gbọ́ fóònù lójú títì. Mo jókòó tì í láti aago márùn-ún, bí ẹni tó ń ṣọ́ omi kó hó. Mẹ́fà kọjá. Méje. Kò dún.

N ò lọ sí òpópónà. Mo fàmì sí káàdì lórí ìjókòó mi. Mẹ́sàn-án, gbogbo wọn dáadáa. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ omi, n ò fàmì èké rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí ló máa ṣẹlẹ̀?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Àárọ̀. Aṣọ mẹ́sàn-án wà níta. Fóònù wà létí mi títí dé òpin òpópónà. Ó ń dún, kò gbé e.

Ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ kan náà. Oòrùn ti fẹ́ẹ̀ wọ̀ tán, aṣọ Bàbá Télọ̀, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án mi, ṣì wà níta. Mo kan ilẹ̀kùn. Mo tún kàn án. Mo pe Káfíńtà ẹgbẹ́ wa, ó sì fi èjìká já ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Bàbá náà wà nílẹ̀ ilé ìdáná, ìbàdí rẹ̀ ti kán. Láti ọ̀sán àná. Omi ike kan tó bá a ṣubú ló fi gbé ẹ̀mí dúró.

Àná ló kọ́ aṣọ náà. Ká ní mo lọ nírọ̀lẹ́ àná. Ká ní.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ìpàdé, ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Káfíńtà ló pẹ́ dé, òun ló sì kọrin, torí òfin wa ni: ẹni tó bá pẹ́, orin. Ohùn rẹ̀ bí ayùn tó pàdé ìṣó. Alága ní kó jókòó kí àwọn tó ń kàwé lókè má bàa sá jáde. A rẹ́rìn-ín. Tíì gbóná.

Lẹ́yìn náà Alága dìde. Ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin Bàbá Télọ̀ ti dé láti ọ̀nà jíjìn. Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. "Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, Bàbá, òkú ni ǹ bá wá gbé."

Mo ní, kò tó ọpẹ́. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Káàdì ọjọ́ Ìṣẹ́gun wà nínú fáìlì, lórí tábìlì, kò jìnnà sí mi ju ìwọ̀n apá kan lọ.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ilé ìwòsàn. Ọmọ rẹ̀ jáde lọ ra omi. Bàbá Télọ̀ yí ojú sí mi.

"Bàtà rẹ yìí, ta ló ṣe é fún ọ? Ó ń dún bí ilẹ̀kùn tó ti gbó. Mo gbọ́ ọ láàárọ̀ Ọjọ́rú. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

Mi ò lè gbé ojú sókè. Mo ní, "Fóònù ni, Bàbá. Ọmọ mi ni mò ń pè."

"Ó gbé e?"

"Rárá."

Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ òun bá gbọ́ pé ìṣọ́ ẹgbẹ́ lè já, yóò kó òun lọ. "Ilé yẹn ni mo ti rán aṣọ fún ogójì ọdún. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kú sí."

Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Mo sọ ọ́ fún Adájọ́, àti àmì èké náà. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. "Ẹ ti jẹ́ kí àníyàn Ọ̀gá Mi fọ́ yín lójú," ló wí. Nígbà tó yá: "Bí ẹ bá dákẹ́, ta ló máa rin ìrọ̀lẹ́ fún àwọn mẹ́jọ tó kù? Ẹ̀yin náà kọ́?"

Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Kò sí nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ti sọ ọ́ nípàdé. Mo mú káàdì jáde, mo fi ìka sí àmì náà, mo ní irọ́ ni, orí àga ni mo jókòó sí. Káfíńtà kàn ń wo inú ife rẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ òjò kan lọ́dún tó kọjá, èmi náà jókòó sílé fàmì." Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Èmi náà."

Alága ò rẹ́rìn-ín. Láti òní lọ, méjì-méjì la ó máa rìn. Ó gba òpópónà lọ́wọ́ mi. Tíì ni kí n máa sè títí òun yóò fi sọ̀rọ̀. Mo ní ó tọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ọmọ Bàbá Télọ̀, kí bàbá náà má bàa pàdánù ilé rẹ̀. Ó mi orí: "Akọ̀wé, ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa sọ fún un." Ó sì sọ fún un.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Wọ́n kó Bàbá Télọ̀ lọ lónìí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n fi aṣọ ibùsùn bò ó. Ọmọ rẹ̀ kí mi, kò kúnlẹ̀.

Mo rò pé Bàbá Télọ̀ yóò bú mi. Ó ní, "O gba ilé mi lọ́wọ́ mi." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó wá fa aṣọ pupa náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ọmọ rẹ ńkọ́?" Mo ní kò tíì pè, Bàbá. Ó rán mi níṣẹ́: "Má kàn máa pè é, fi aṣọ yìí ránṣẹ́ sí i. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń pariwo, o ò gbọ́, kì í sì í ṣe ìkà lo ṣe. Bóyá òun náà wà nílẹ̀ níbì kan."

Fèrèsé mẹ́jọ.

Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Mo dà á kọ síbí kí n má bàa gbàgbé pé n ò bá a wí:

Ọ̀gá Mi, ọmọ mi. Ìyá rẹ kí ọ, àbúrò rẹ kí ọ. Bí iṣẹ́ náà bá ti bọ́, ó bọ́. A kò bí ọ fún iṣẹ́. N ò ní béèrè nǹkan kan. Aṣọ tí o rí nínú àpò ìwé yìí, arúgbó kan ló ni ín. Ìdajì rẹ̀ ni mo gé fún ọ, ìdajì yòókù wà lójú fèrèsé wa, àárọ̀ ni mo ń kọ́ ọ, ìrọ̀lẹ́ ni ìyá rẹ ń ká a. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo lẹ́nu rẹ, má kọ nǹkan kan. Fi aṣọ náà sínú àpò ìwé mìíràn, dá a padà, yóò yé wa pé o jí. Ṣùgbọ́n bí o bá lè kọ ìlà kan péré, jọ̀ọ́, kọ ọ́. Tètè kọ ọ́.