Ẹ Má Rán Alágbàṣe sí Àáró Mọ́, Bàbá

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìfaradà ooru tó ń ṣáájú òjò, ẹ sì kú ojú lọ́nà ìwé mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbi tí mo wà ní Jọ́ọ̀sì yìí. Mo kí Màmá. Mo kí Bọ̀dá, bí wọ́n bá wálé láti Ìbàdàn. Mo kí Àbíkẹ́ àbúrò mi, tó ń bá yín kọ̀wé tó sì ń bá yín kà á. Mo tún kí gbogbo ará Ìgbó-Ọrà tó bá rí lẹ́tà yìí kà, nítorí mo ti ní kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn wọn. Kì í ṣe ilé tiwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí wà.

Àlàáfíà ni mo wà, àmọ́ òtútù ibí kò mọ àgbà yàtọ̀. Láàárọ̀, kí n tó lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, mo ní láti fi ọwọ́ méjèèjì gbá ife tíì gbígbóná mú títí ìka á fi rántí iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti ń lo awò ojú. Èmi tí ẹ ń pè lọ́mọdé náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, Bàbá, iṣẹ́ télọ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ àjókòó. Lọ́dún tó kọjá ọrùn mi le gan-an, orúnkún mi sì ń ké bí mo bá dìde. Ní ọjọ́ kan, mo ṣàdédé gbọ́ ohùn ara mi, tí mo ń kí máṣínnì mi pé ó kú iṣẹ́. Mo wò yíká, kò sẹ́lòmíì ní ṣọ́ọ̀bù. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì bà mí lẹ́rù díẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, mo sì máa ń yà sọ́dọ̀ ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta páànù lẹ́bàá ọ̀nà, ká jọ sọ̀rọ̀ ilé. Ọrùn náà ti rọ̀ díẹ̀.

Ìwé tí Àbíkẹ́ kọ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní ẹ ní kí n wá oògùn ẹsẹ̀ wíwú ránṣẹ́, àti ti oorun, àti èyí tí kò ní jẹ́ kí ẹ máa gbàgbé nǹkan. Ó ní láti ìgbà tí ẹ ti kúrò nínú àáró, inú yàrá lẹ máa ń wà títí oòrùn á fi wọ̀. Ó ní ẹ fi orúkọ ẹ̀gbọ́n yín obìnrin tó ti kú pe òun, ẹ sì bínú nígbà tí òun ò tètè dáhùn. Mo ka ibẹ̀, mo sì ká ìwé náà. Ẹ̀rù bà mí nítorí yín.

Àáró yìí, láti ìgbà ọ̀dọ́ yín lẹ ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ yín ṣe é: lónìí gbogbo yín wà lóko ẹnì kan, lọ́la ẹ wà lóko ẹlòmíì, títí yóò fi kárí. Ẹ sọ fún Bọ̀dá pé ẹsẹ̀ ń dùn yín, Bọ̀dá sì gba alágbàṣe kan tí yóò máa dúró nípò yín. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, mi ò bá wọn wí. Ní ìlú wa, ẹni tí ọmọ bá gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè lólóríire. Gbogbo èèyàn ló sì wá bá yín yọ̀.

Àmọ́ Bàbá Ṣọlá, tí ẹ jọ wà nínú àáró náà, wá sí Jọ́ọ̀sì. Ṣọlá tó ń ṣe tíṣà níbí ló bímọ, wọ́n sì wá sọ ọmọ lórúkọ. Ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ń wá jókòó sí, tí wọ́n ń fi òtútù ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹni tó bá kú síbí kò ní jẹrà. Mo bi wọ́n léèrè yín. Wọ́n ní kì í ṣe ẹsẹ̀ ló lé yín kúrò.

Wọ́n ní nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn lẹ́nu ebè kíkọ, ẹni tó bá ti parí ìlà tirẹ̀ á kàn lọ sí òpin ìlà tiyín, á máa kọ ọ́ bọ̀ títí yóò fi pàdé yín láàárín. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kan lẹ gbójú sókè, ẹ rí i pé wọ́n ti ń bá yín parí iṣẹ́ yín. Ẹ gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ẹ lọ sílé láìjẹun. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín.

Wọ́n ní alágbàṣe náà lágbára, ọmọlúàbí sì ni, àmọ́ bí wọ́n bá ń jẹun, òun nìkan á lọ jókòó lábẹ́ igi igbá. Wọ́n ní apá lẹ rán sí àwọn, ẹ ò rán ẹnu. Kò sẹ́ni tó ń bú wọn mọ́ pé ebè wọn rí bí ìpàkọ́ àna wọn. Ẹ̀rín ti dín lóko.

Bàbá Ṣọlá wá bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tí ọmọ wọn rà fún wọn, wọ́n fi àpá sòbìà hàn mí ní kókósẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí aràn yẹn ń jáde lẹ́sẹ̀ àwọn, tí àwọn ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lóko, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ lọ sí òpin ìlà àwọn, tí ẹ ń kọ ebè bọ̀ wá pàdé àwọn. Ojú ti àwọn náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sì ní kí àwọn má da ara àwọn láàmú, pé ebè kì í béèrè ẹni tó kọ ọ́. Ọwọ́ yín ni gbogbo wọn ti kọ́ ọ. Ẹ ti gbàgbé, Bàbá, àmọ́ àwọn ò gbàgbé.

Mo lọ sí kẹ́mísì bí ẹ ṣe wí. Ọkùnrin ibẹ̀ bi mí pé kí lẹ máa ń ṣe láàárọ̀, mo ní ẹ ń sinmi. Ó ní lọ́sàn-án ńkọ́, mo ní ẹ ń sinmi. Ó ní kí ni ẹni tó ti sinmi láti àárọ̀ tún fẹ́ sùn fún lálẹ́. Mi ò ra oògùn oorun. Róòbù àti súwẹ́tà ni mo fi ránṣẹ́. Ti ẹsẹ̀ wíwú àti ti gbígbàgbé nǹkan, ẹ jẹ́ kí Àbíkẹ́ mú yín lọ rí dókítà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ má fi róòbù nìkan tọ́jú ẹsẹ̀. Owó alágbàṣe tí Bọ̀dá ń san, kí wọ́n máa fi ra ẹran sí oúnjẹ àáró.

Bàbá Ṣọlá ti ń padà bọ̀ wálé. Wọ́n ní bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, oko yín ni àáró yóò kọ́kọ́ dé lọ́dún yìí, wọn kò sì ní gba alágbàṣe kankan. Bí ẹ kò bá jáde, wọ́n á kọ gbogbo oko náà, wọ́n á fi ìlà kan sílẹ̀ láàárín gbùngbùn, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ sí Ìdèrè lè máa wò ó. Ẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Wọ́n á ṣe é.

Ẹ ò ní lè dá ìlà náà parí, kò sì sẹ́ni tó ní kí ẹ dá a parí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí tiyín. Wọ́n ń bọ̀ láti òdìkejì.

Kí Olódùmarè fún yín ní ìlera, kí ọkàn yín jí pépé, kí a má fi àìsàn ṣe ogbó. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ọmọdé àti àgbà. Tí mo bá wálé nígbà iṣu tuntun, iṣu ìlà yẹn ni kí Màmá fi gúnyán fún mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Àlàdé, télọ̀.