Ilé Àǹtí Maud Bọ́ṣọ

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹrin, 1974. Pelsham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Àǹtí Maud ti kú, ilé rẹ̀ sì ti di tèmi àti ti Clement, àbúrò mi. Èmi fẹ́ máa gbé ibẹ̀. Òun fẹ́ wó o, kó kọ́ tuntun tó ní fèrèsé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Wólé-wólé ni mo ń pè é báyìí — ojú ìwé yìí nìkan ló gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bíríkì lásán ni, kò tíì pé igba ọdún. Ẹ wò ó bó ṣe ń fì bí ọ̀mùtí." Ó gbà kí n gbé ibẹ̀ di Sátidé, kí àwọn awólé tó wá. Ó rò pé ẹkún ni mo fẹ́ sun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun
Òjò. Tíì. Mò ń kan ògiri kiri bí wèrè, kí n lè gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́rú
Ẹfun ògiri pálọ̀ já lulẹ̀ — áà! Ọ̀pá ni wọ́n hun níbẹ̀ bí apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ! Igi ràbàtà lọ́tùn-ún lósì. Ilé onígi ni! Aṣọ lásán ni bíríkì tí wọ́n fi wọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Mo gbá ìgbálẹ̀ mú, mo ń jó. Ìyá Tuffnell, aládùúgbò wa, yọjú lójú fèrèsé: ṣé ara mi le? Mo ní ilé mi bọ́ṣọ ni. Ó sáré lọ.

Ọjọ́bọ̀
Mo gòkè àjà. Èéfín ti kùn gbogbo igi òrùlé dúdú bí ìdí ìkòkò. Iná wo ló dé ibẹ̀? Ó yé mi lójijì: kò sí ihò èéfín nígbà náà, kò sí yàrá òkè. Gbọ̀ngán kan ṣoṣo, látilẹ̀ dé òrùlé, iná láàárín, gbogbo ará ilé ń wúkọ́! Ilé yìí dàgbà ju bíríkì rẹ̀ lọ jìnnà. Mo ra búrẹ́dì bọ̀ kí n tó rí i pé imú mi dúdú. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ìkà èèyàn!

Ọjọ́ Ẹtì
Ọ̀la ni Wólé-wólé ń bọ̀. Mo gbá pálọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Sátidé
Wólé-wólé dé. Mo fà á gòkè àjà, mo sọ ti gbọ̀ngán àti iná àárín rẹ̀ fún un. "Èéfín lásán," ló ní, ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí igi — gbàà! Ẹsẹ̀ kan já wọ yàrá ìsàlẹ̀. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Bàtà ń fì lókè, mò ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà náà ni mo rí i. Àjà tó wó ti tú igi ńlá kan síta: ewé àjàrà ni wọ́n gbẹ́ sí i láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, àti ojú èèyàn kékeré kan láàárín, tó yọ ahọ́n síta.
Ó ń pariwo lókè pé, "Kí lẹ ń wò? Ẹ wá fà mí o!"
Mo ní, "Ẹnì kan ń yọ ahọ́n sí ẹ!"
Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sọ̀ kalẹ̀, ẹfun bò ó látorí dẹ́sẹ̀. Ó fọwọ́ pa ewé náà. Nígbà tó yá, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó ń yáná lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́, kí ni wọ́n máa ń bára wọn sọ?"

Ọjọ́ Ìsinmi
Clement ti ní káwọn awólé má wá mọ́. Ó sì ti mú òòlù, ó ń tú ògiri ilé ìdáná, ó ń wá igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń súfèé. Mo ní kó rọra. Kò gbọ́. Mo lọ mú òòlù kejì.